Ọmọ mọ̀wé gan-an, kò sí nínú ẹgbẹ́ kankan: ṣé yunifásítì Amẹ́ríkà lè gbà á?

ÌyáBwari | Sátidé, 14 Oṣù Kẹsàn-án 2024, 9:12 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará wa ní Abuja àti ní gbogbo Òkè Ọya. Ọ̀rọ̀ ọmọ ni mo gbé wá.

Àkọ́bí mi obìnrin wà ní SS3 ní ilé ìwé aládàáni kékeré kan ní Bwari níbí. Láti SS1 ló ti ń gba ipò kìíní. Físíìsì ni o, mátíìsì ni o, kò sí èyí tó ń bà á lẹ́rù. Àbúrò mi kan ní Èkó ló san owó SAT fún un, ìdánwò tí àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà máa ń wò, èsì sì jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá: 1510 nínú 1600. Ó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà.

A ò tíì yọ̀ tán tí olùkọ́ rẹ̀ kan fi sọ fún un pé èsì nìkan ò tó. Ó ní fọ́ọ̀mù àwọn ará Amẹ́ríkà ní ààyè mẹ́wàá tí ọmọ máa fi kọ ẹgbẹ́ tó wà, eré ìdárayá tó ń ṣe, ipò olórí tó dì mú. Ọmọ mi ò ní ẹyọ kan. Ilé ìwé wọn ò ní ẹgbẹ́ aríyànjiyàn, JETS, ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì tí wọ́n ní, sì ti kú kó tó dé SS1. Tí wọ́n bá ti jáde, ó di kó lọ mú àwọn àbúrò rẹ̀ méjì nílé ìwé, kó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù nínú ọjà, nítorí prófísọ̀nì ni mò ń tà. Bàbá wọn ń wa ọkọ̀ ẹrù, ojú ọ̀nà Kano sí Maiduguri ló ń wà jù. Sátidé àti Sọ́ńdè, ilé kéú.

Ní báyìí, ọkùnrin kan lórí WhatsApp ní òun á bá wa dá NGO sílẹ̀ lórúkọ ọmọ, kó lọ pín indomie fún àwọn tí ogun lé kúrò nílé, ní àgọ́ wọn ní Durumi, kí wọ́n ya fọ́tò, òun á sì fún wa ní ìwé ẹ̀rí. 150,000 náírà ló pè é. Ṣé ká ṣe é? Àbí ká gbàgbé Amẹ́ríkà?

Ọmọ-Ọ̀ffà-Kano | 9:20 alẹ́

Ìyá wa, ẹ kú oríire! 1510 láti Bwari! Ẹ kọ́kọ́ fún ọmọ yẹn ní ẹran ńlá lálẹ́ òní ná. Ọkùnrin WhatsApp yẹn, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀. Mò ń dúró de àwọn tó mọ̀ jù mí lọ.

Alàgbà_Gwarinpa | 9:41 alẹ́

Oríire ni lóòótọ́, àmọ́ ẹ jẹ́ ká má tan ara wa. Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tó gba fọ́ọ̀mù Harvard fún ọdún yìí, àwọn tí wọ́n mú ò pé mẹ́rin. Ní Maitama àti Asokoro níbí, àwọn ọmọ wà tó jẹ́ pé láti JSS1 ni wọ́n ti ń to rọ́bọ́ọ̀tì, tí òbí wọn ń san dọ́là fún ẹni tó máa bá wọn wo àròkọ. Àwọn yẹn náà ní 1500 lé. Tí èsì bá wá dọ́gba, kí ni wọ́n máa fi ya ọmọ kan sọ́tọ̀? Ohun tó ń ṣe lẹ́yìn ìwé ni.

Mi ò ní kẹ́ ẹ ra NGO o. Mo kàn ń sọ pé máàkì gíga ló máa jẹ́ kí wọ́n ka fọ́ọ̀mù ọmọ náà dé ìsàlẹ̀. Ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ mọ.

Tísà_Kubwa | 10:15 alẹ́

Ó pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn ọmọ SS3 kọ fọ́ọ̀mù yìí. Olùkọ́ yẹn sọ apá kan, ó fi apá kan sílẹ̀.

Common App ni fọ́ọ̀mù tó ń sọ. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga tó ń lò ó lé ní 1,000. Òótọ́ ni pé ààyè mẹ́wàá ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí wọ́n ti ní kí ọmọ kún mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. MIT, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ńlá kan níbẹ̀, ní fọ́ọ̀mù tirẹ̀, mẹ́rin péré ni wọ́n béèrè níbẹ̀. Ní ààyè kọ̀ọ̀kan, ọmọ máa yan irú ohun tó ń ṣe láti inú àkójọ kan, lẹ́yìn náà ló máa kọ wákàtí tó ń lò lọ́sẹ̀, iye ọ̀sẹ̀ lọ́dún, àti àlàyé tí kò gbọdọ̀ ju lẹ́tà 150 lọ, àlàfo pẹ̀lú àmì pọ̀ mọ́ ọn. Ẹ ṣí àkójọ náà wò fúnra yín. Eré ìdárayá wà níbẹ̀, orin wà níbẹ̀, aríyànjiyàn wà níbẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó fún náà wà níbẹ̀. Ẹ̀sìn wà níbẹ̀. Ojúṣe nínú ilé wà níbẹ̀, ó dá dúró gedegbe ní àyè tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, torí pé ọ̀pọ̀ òbí ò mọ̀ ọ́n. Wọ́n pe Harvard lẹ́jọ́ lórí bó ṣe ń fi ọ̀rọ̀ ẹ̀yà gba ọmọ wọlé, ẹjọ́ tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ parí ní 2023. Ẹjọ́ yẹn ló tú ìwé ìtọ́ni àwọn tó ń ka fọ́ọ̀mù síta. Nọ́ńbà 1 dé 6 ni wọ́n fi ń díwọ̀n ọmọ: lórí ìwé, lórí ìgbòkègbodò, lórí eré ìdárayá, lórí ìwà. 1 ló dáa jù. Tó bá wá kan ìgbòkègbodò, 5 ò burú ju 4 lọ bí èèyàn ṣe lè rò. Wọ́n yà á sọ́tọ̀ fún ọmọ tí ojúṣe ilé tàbí iṣẹ́ owó gba ọwọ́ rẹ̀ tí kò fi ráàyè ẹgbẹ́. 6 wà fún ọmọ tí ìdí pàtàkì kan, bí àìlera, dí lọ́wọ́. Ẹ ò rí i pé wọ́n ti ro irú ọmọ yìí mọ́ ọn kó tó di pé a bímọ wa sí Bwari.

Ìyá wa, ẹ dá mi lóhùn: wákàtí mélòó ló ń lò ní ṣọ́ọ̀bù lójúmọ́? Kí ló ń ṣe níbẹ̀ gan-an? Ta ló ń ṣírò iye tó wọlé?

Ọ̀nàÀbáyọ_Lugbe | 10:33 alẹ́

Tísà, ọ̀rọ̀ inú ìwé nìyẹn. Gbogbo ọmọ tí mo mọ̀ tó wọlé ló ní NGO. Fọ́tò márùn-ún, ojú òpó Instagram kan, ó parí. Ẹni tó bá ní òun ń ṣòótọ́ ní Nàìjíríà, ẹ̀yìn ló máa ń wà.

Ọmọ_Súlèjà | 11:02 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n Lugbe, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú. Mo wà ní ọdún kejì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Pennsylvania, owó wọn ni mo sì fi ń kàwé, nítorí náà mo lè sọ ohun tójú mi rí.

Fọ́ọ̀mù ọmọ kì í dá rìn. Lẹ́tà àwọn olùkọ́ ń tẹ̀ lé e, ìwé láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá ilé ìwé ń tẹ̀ lé e. Tí ọmọ bá ní òun ń ná wákàtí mẹ́wàá lọ́sẹ̀ lórí NGO, tí olùkọ́ méjì kọ̀wé nípa rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ò mẹ́nu bà á, tó tún wá jẹ́ pé Oṣù Kẹsàn-án SS3 ni gbogbo fọ́tò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ṣé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó máa ka irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ ò ní rí i ni? Àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan tún máa ń pe ọmọ lórí fídíò kí wọ́n bá a sọ̀rọ̀. Wọ́n bi mí léèrè bátìrì fóònù fún bí ìdajì wákàtí! Ọmọ sì máa fọwọ́ sí i pé òótọ́ ni gbogbo ohun tí òun kọ. Bí irọ́ bá hàn lẹ́yìn ìgbà tó ti wọlé pàápàá, wọ́n lè ní kó máa lọ sílé. Ká má wá tíì sọ ti àwọn ọmọ tí ogun lé kúrò nílé, tí wọ́n ń fi indomie kan yà ní fọ́tò.

Èmi náà ò sí nínú ẹgbẹ́ kankan. Ṣọ́ọ̀bù tí ẹ̀gbọ́n mi ti ń tún fóònù ṣe ní Madalla ni mo ń wà lọ́sàn-án. Ohun tí mo kọ sí ààyè àkọ́kọ́ ò ju èyí lọ: mò ń pààrọ̀ ojú fóònù, bátìrì àti ẹnu ṣájà, mo kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ tuntun, owó rẹ̀ ni mo fi san WAEC mi. Wákàtí 20 lọ́sẹ̀, 48 ọ̀sẹ̀ lọ́dún. Mo kọ àwọn àbúrò mi sí ààyè kejì, mo kọ kíkọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀kẹta, mo fi èyí tó kù sílẹ̀ lófìfo. Ẹ̀rù bà mí nígbà yẹn, mi ò ní purọ́.

ÌyáBwari | Sọ́ńdè, 7:05 àárọ̀

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo ka gbogbo rẹ̀ lẹ́yìn àsùbáà.

Tísà, láti nǹkan bí aago mẹ́ta ni ó ń wà ní ṣọ́ọ̀bù títí di aago mẹ́sàn-án alẹ́, àfi tí ìdánwò bá wà. Ẹ má bínú, ó ń ṣe mí bí ìtìjú. Ta ló máa kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù Amẹ́ríkà pé òun ń ta mílíìkì olápò kékeré? Òun fúnra rẹ̀ ò jẹ́ kí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ mọ̀.

Ti iye tó wọlé, ọwọ́ rẹ̀ ló wà. Láti ìgbà tí dọ́là ti ń fò sókè yìí, iye tí mò ń ra kátọ́ọ̀nù lọ́sẹ̀ yìí kọ́ ni mò ń rà á lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ owó òwò mi tán lọ́dún tó kọjá. Ó wá kọ nǹkan kan sórí fóònù tó ń sọ fún mi iye tó yẹ kí n tà á, tó sì ń rántí gbogbo ẹni tó gba àwìn. Ó ní Python, èdè kọ̀ǹpútà kan, ni òun fi kọ ọ́. Àwọn ìyá méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi náà ti ń lò ó. Àwọn ọmọ wọn ló máa ń jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù nírọ̀lẹ́ kó máa kọ́ wọn ní ìṣirò. Ṣùgbọ́n ìyẹn ò sí nínú ẹgbẹ́ kankan, kò sì ní ìwé ẹ̀rí.

Ọmọ-Ọ̀ffà-Kano | 7:11 àárọ̀

Ìyá wa!!! Ẹ wá ń ní ọmọ ò ní ẹyọ kan?

Tísà_Kubwa | 8:30 àárọ̀

Mo rẹ́rìn-ín títí. Ẹ fi èyí tó ṣe pàtàkì jù sí ìdí ọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká kà á. Títa ọjà àti ṣíṣírò owó ṣọ́ọ̀bù, ọ̀kan. Ohun tó fi Python kọ, tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ń lò, èkejì. Ìyẹn gan-an ló bá ohun tó fẹ́ lọ kọ́ mu, òun ni kó fi síwájú pátápátá. Kíkọ́ ọmọ ọjà ní ìṣirò. Títọ́jú àbúrò. Ilé kéú: ó ti dé ibo nínú Kùránì? Tó bá ti há apá púpọ̀ sórí, kó kọ ọ́, iṣẹ́ ọdún mélòó kan nìyẹn. Márùn-ún nìyí, ó sì tó.

Kó má ṣe fi ọ̀rọ̀ ńlá ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Mo ti rí ọmọ tó ń ta tòmátò nínú ọjà tó pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ oúnjẹ. Kí ni a ń sá fún nínú tòmátò? Kó kọ mílíìkì, kó kọ àwìn, kó kọ iye ìdílé tó ń lo ètò náà. MIT tún ní ibì kan tí ọmọ ti lè fi ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe hàn, pẹ̀lú fídíò kékeré àti àwòrán, kò sì pọn dandan fún ẹnikẹ́ni. Tirẹ̀ yẹ níbẹ̀.

SAT rẹ̀ náà, ẹ má fojú kéré é. Ní 2022 ni MIT ti tún bẹ̀rẹ̀ sí béèrè SAT, Dartmouth, Yale, Brown àti Harvard sì tẹ̀ lé e lọ́dún yìí. Ìdí tí Dartmouth sọ ni pé láìsí èsì yẹn, ọmọ tó gbóná láti ilé ìwé tí wọn ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn. Ilé ìwé tó wà ní Bwari nìyẹn!

Àǹtí_Jos | 9:47 àárọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ sọ èyí tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ sọ. Gbogbo wa ń yọ̀ pé ọmọ yìí ń tajà dé aago mẹ́sàn-án alẹ́, bíi pé ẹ̀bùn ni. Ọmọ ọdún mélòó? Ìgbà wo ló ń sùn? SS3 ló wà, WAEC ń bọ̀, JAMB ń bọ̀, àròkọ Amẹ́ríkà tún ń bọ̀. Kí ni àwọn àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ń ṣe ní tiwọn, tó bá jẹ́ ọkùnrin ni wọ́n? Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gba ọmọ iṣẹ́ kan fún àwọn oṣù mélòó kan yìí. Ohun tó ti ṣe, ó ti ṣe é, kò sẹ́ni tó máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kò dìgbà tó bá rẹ̀ ẹ́ dójú ikú kó tó lè kọ ọ́.

ÌyáBwari | 10:20 àárọ̀

Àǹtí, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Obìnrin ni èyí tó tẹ̀ lé e, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ọkùnrin sì ni èyí tó kẹ́yìn, ó wà ní prámárì kejì. Owó ọmọ iṣẹ́ ni kò sí. Àmọ́ ìyá tó ń ta aṣọ níwájú mi ní ọmọ àbúrò kan tó ń wáṣẹ́. Màá bá a sọ̀rọ̀.

Alàgbà_Gwarinpa | 11:15 àárọ̀

Mo gbà fún Tísà lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù. Ìwé ìtọ́ni Harvard yẹn, mi ò gbọ́ ọ rí.

Ṣùgbọ́n ẹ ti gbàgbé owó, owó ló sì ń lé ọmọ wa padà ju ẹgbẹ́ lọ. Ọdún kan ní kọ́lẹ́ẹ̀jì aládàáni ńlá níbẹ̀ ti lé ní 80,000 dọ́là, oúnjẹ àti ibùsùn pọ̀ mọ́ ọn. Dọ́là kan ń lọ sí bíi 1,600 náírà ní Oṣù Kẹsàn-án 2024 yìí, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ìyá Bwari ò lè san án, èmi náà ò lè san án. Ó wá di pé ilé ẹ̀kọ́ ló máa san gbogbo rẹ̀. Àwọn tí kì í wo àpò òbí kí wọ́n tó gba ọmọ ilẹ̀ òkèèrè ò pọ̀: Harvard, Yale, Princeton, MIT, Amherst, Dartmouth, Bowdoin, àti Brown láti orí àwọn tó wọlé ní 2025. Àwọn gan-an ló le jù láti wọ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn yòókù, tí ọmọ bá ti béèrè owó, wọ́n máa wo iye tó máa ná wọn kí wọ́n tó ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n lè fẹ́ràn ọmọ náà kí wọ́n tún sọ pé rárá. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bínú nígbà tí wọ́n bá sọ fún ọmọ tí wọn ò gbà pé torí pé kò ṣe olórí ẹgbẹ́ kankan ni.

Ọmọ_Súlèjà | 1:08 ọ̀sán

Bàbá sọ òótọ́. Kó má fi gbogbo ara lé àwọn olórúkọ ńlá yẹn. Kó wo àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré tó ní owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ọmọ àlejò, irú èyí tí mo wà. Kó wo Berea ní Kentucky: wọn kì í gba owó ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ọmọ kankan, gbogbo ọmọ ló sì ń ṣiṣẹ́ nínú ọgbà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọmọ tó ti ń ṣiṣẹ́ láti kékeré ò lè jẹ́ àjèjì níbẹ̀.

Ẹ sì lọ sí EducationUSA, ọ́fíìsì ìmọ̀ràn lórí kíkàwé ní Amẹ́ríkà, ní ẹ́ńbásì wọn ní Abuja, wọn kì í gbowó ìmọ̀ràn. Lọ́dún 2024 yìí, wọ́n ní ètò kan tó ń ran ọmọ tó mọ̀wé tí òbí rẹ̀ ò lówó lọ́wọ́ láti san owó fọ́ọ̀mù àti ìdánwò. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ náà máa ń fojú fo owó fọ́ọ̀mù tí wọ́n bá bẹ̀ wọ́n. 150,000 yẹn, ẹ fi pamọ́ de owó ìwé ìrìnnà.

Bàbá_Zaria | 4:36 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé kò sí yunifásítì mọ́ ní Nàìjíríà ni? Mò ń kọ́ ọmọ ní Zaria níbí láti ọdún gbọọrọ, mi ò sì rí ibi tí ABU, yunifásítì wa níbí, ti bi ọmọ kan léèrè ẹgbẹ́ aríyànjiyàn. JAMB, ìdánwò àṣekún ti yunifásítì, WAEC, ó tán. Oríkò JAMB gan-an, Bwari ló wà, ẹ lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀.

Ohun tí ẹ ò gbọdọ̀ gbójú fò ni ìpínlẹ̀ baba ọmọ. Nínú ìlànà yunifásítì ìjọba àpapọ̀, máàkì nìkan ni wọ́n fi ń pín 45 nínú ọgọ́rùn-ún àyè. 35 jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tó yí yunifásítì náà ká, 20 sì jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tí ìjọba kà sí pé ẹ̀kọ́ ò tíì gbilẹ̀ níbẹ̀. Kwara wà nínú wọn, Kogi náà wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá láti Ọ̀yọ́ tàbí Ògùn, ẹ ò sí ńbẹ̀, bó ti wù kẹ́ ẹ pẹ́ tó ní Abuja. Ìyá Bwari, níbo ni bàbá ọmọ ti wá?

Ìṣòro kan ń bẹ. Ní Oṣù Keje, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní ọmọ ọdún 16 lè wọlé lọ́dún yìí, àmọ́ láti 2025, 18 ni. Bí wọ́n bá dúró lórí ọ̀rọ̀ yẹn, ọmọ yín á jókòó sílé ọdún kan.

*Àfikún, Oṣù Kọkànlá: wọ́n ti yan mínísítà tuntun, ó sì ti dá a padà sí 16. Ẹ fọkàn balẹ̀.*

ÌyáBwari | 5:02 ìrọ̀lẹ́

Ọ̀ffà ni bàbá wọn o! Kwara!

Ọmọ-Ọ̀ffà-Kano | 5:04 ìrọ̀lẹ́

Ọmọ ìyá mi! Mo mọ̀ ọ́n lára. Ẹ tètè lọ gba ìwé ẹ̀rí ọmọ onílùú ní ìjọba ìbílẹ̀ o, ẹ má dúró dìgbà tí gbogbo ayé máa tò síbẹ̀.

Tísà, mo ní ìbéèrè kékeré tèmi. Ọmọkùnrin mi ń wọ SS1 ní Sabon Gari níbí, mátíìsì ń dùn mọ́ ọn. Kí ló lè ṣe láti ìsinsìnyí?

Tísà_Kubwa | 5:40 ìrọ̀lẹ́

Kó wọ ìdíje Olympiad. National Mathematical Centre tó wà ní Sheda, lọ́nà Lokoja, ló ń ṣètò rẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà, láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yan àwọn tó ń lọ fún orílẹ̀-èdè. Kí ilé ìwé rẹ̀ kọ̀wé sí wọn. Tí ilé ìwé bá ń lọ́ra, ẹ̀yin ẹ máa yọ wọ́n lẹ́nu. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ jẹ́ kó ṣe ohun tó fẹ́ràn, kó pẹ́ nídìí rẹ̀.

Ará_Garki | 8:19 alẹ́

Ọ̀rọ̀ kúkúrú lórí yunifásítì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, torí ọmọ àbúrò mi ń ṣe é lọ́wọ́. Oxford àti Cambridge ò ka bọ́ọ̀lù tàbí ẹgbẹ́ sí rárá àfi tó bá kan ohun tí ọmọ fẹ́ kọ́. Wọ́n á fẹ́ mọ ìwé tó kà kọjá sílábọ́ọ̀sì, ohun tó dán wò fúnra rẹ̀. Yunifásítì márùn-ún ló lè mú lórí UCAS, fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń lò níbẹ̀; lọ́dún 2024 yìí, àròkọ kan ṣoṣo tí kò gbọdọ̀ ju lẹ́tà 4,000 lọ ló máa kọ fún gbogbo wọn. Fún àwọn méjì yẹn, 15 Oṣù Kẹwàá ni wọ́n ń ti ilẹ̀kùn. WAEC nìkan ò tó wọn o, wọ́n máa ń béèrè A-level tàbí irú rẹ̀. Owó ọ̀fẹ́ fún ọmọ tó ń gba dìgírì àkọ́kọ́ sì ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Lójú tèmi, Amẹ́ríkà ló bá Ìyá Bwari mu jù, pẹ̀lú Zaria tàbí Ilorin lẹ́yìn.

Ọ̀nàÀbáyọ_Lugbe | 8:55 alẹ́

Ẹ̀yin lẹ mọ̀. Tí wọn ò bá gbà á, ẹ rántí pé mo sọ ọ́.

Alàgbà_Gwarinpa | 9:03 alẹ́

Tí wọn ò bá gbà á, ó ṣì ní 150,000 rẹ̀ lọ́wọ́.

ÌyáBwari | Mọ́ńdè, 6:48 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o. A jókòó sọ ọ́ lálẹ́ àná, bàbá wọn sì wà lórí fóònù láti Potiskum. JAMB, a máa ṣe é, a ò ní fi ṣeré. Amẹ́ríkà, ó fẹ́ mú mẹ́fà: MIT, Berea, àwọn mẹ́rin mìíràn tó ń wá nínú àwọn tó ń fúnni lówó. Mo ti yọ ọkùnrin WhatsApp kúrò lórí fóònù mi. Ọmọ àbúrò aláṣọ máa bẹ̀rẹ̀ sí bá mi tajà láti Wẹ́sìdeè, ìrọ̀lẹ́ nìkan.

Ó kọ ìlà kìíní lálẹ́ àná, ó fi hàn mí. Kò kọ mílíìkì. Ó ní "ọjà kéékèèké". Mo ní kó lọ kọ mílíìkì.

Ìbéèrè mi tó kù: ọ̀gá ilé ìwé wọn ò tíì ṣe irú nǹkan báyìí rí. Kò ní olùgbaninímọ̀ràn, ímeèlì Yahoo tirẹ̀ ló ń lò. Ṣé wọn ò ní sọ pé ayédèrú ni?

Tísà_Kubwa | 7:30 àárọ̀

Wọn ò ní sọ bẹ́ẹ̀ tí iṣẹ́ náà bá mọ́. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ lè dúró ní ipò olùgbaninímọ̀ràn, Yahoo rẹ̀ ò burú. Kó fi ìwé tó ní orúkọ ilé ìwé lórí àti òǹtẹ̀ kún un. Nínú lẹ́tà yẹn ló ti yẹ kó sọ bí ilé ìwé ṣe rí: iye ọmọ tó wà ní SS3, pé kò sí ẹgbẹ́, bí láàbù ṣe rí, ipò tí ọmọ yìí wà láàárín wọn. Kó má kọ pé ọmọ dáadáa ni, ẹni jẹ́jẹ́ ni, ó ń bọ̀wọ̀ fún àgbà. Gbogbo ọ̀gá ní Nàìjíríà ló ń kọ ìyẹn. Olùkọ́ mátíìsì rẹ̀ ni kó sọ ọjọ́ kan pàtó tí ọmọ náà ṣe ohun tó yà á lẹ́nu. Kí ọmọ sì fi ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù tó olùkọ́ yẹn létí kó tó jókòó kọ lẹ́tà, torí tí olùkọ́ ò bá mọ̀ pé ó ń tajà dé alẹ́, kò ní lè jẹ́rìí sí i. Ìtìjú ti kíláàsì yẹn gbọ́dọ̀ parí lọ́sẹ̀ yìí.

Ẹ bá mi sọ fún ọ̀gá kó pè mí. Màá wà ní Bwari lọ́jọ́ Túsìdeè lẹ́yìn aago mẹ́ta, màá yà. Kó kó èsì gbogbo táàmù láti SS1 sílẹ̀ dè mí, àti òǹtẹ̀.